Bí a ṣe lè ṣàkọsílẹ̀ trackable dáadáa: ẹ wá, kí a fikùn lukùn

Ìyá Àpótí (Manchester)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ fẹnu kò lé lórí, nítorí pé ó ń ba eré geocaching (eré tí a ti ń fi GPS wá àpótí tí ẹlòmíràn gbé pamọ́) jẹ́ mọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́, ó sì ń bí àgbà nínú pẹ̀lú. Trackable ni ohun tí a fín kóòdù sí lára, tí àwọn tó ń ṣeré yìí ń gbé láti àpótí dé àpótí, tí wọ́n sì ń kọ ìrìn rẹ̀ sórí ìkànnì; Travel Bug jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin mi so irin Travel Bug mọ́ bèbí kékeré kan tí a fi àdìrẹ rán, ó sì kọ ọ́ sí ojú-ewé rẹ̀ lórí geocaching.com pé Abẹ́òkúta ni bèbí náà ń lọ, àti pé kí ẹni tó bá gbé e débẹ̀ bá òun ya fọ́tò rẹ̀ ní ẹsẹ̀ Òkè Olúmọ. Títí di òní, ojú-ewé náà ṣì ń sọ pé inú àpótí kan ní Peak District (agbègbè òkè kan nítòsí Manchester) ni ó wà, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ti ṣí àpótí náà láti ìgbà ooru tó kọjá ń kọ ọ́ pé ìwé ìfọwọ́sí nìkan ni àwọn bá nínú rẹ̀.

Èmi kò gbà pé olè ni ó gbé e. Ohun tí mo ń rí ní àwọn ìpàdé wa ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò mọ̀ pé kóòdù tí a fín sára irin náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Wọ́n máa ń rò pé ohun ìṣeré tí a lè fi òmíràn pààrọ̀ ni. Àwọn mìíràn mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí wọn yóò tẹ̀ lórí ìkànnì náà. Mo bẹ yín, kí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó rọrùn láti ṣàkọsílẹ̀ trackable, tàbí láti fi kọ́ ẹlòmíràn, wá sọ ọ́ níbí, kí a lè kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Kent

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ bá wa rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Kóòdù méjì ni trackable kọ̀ọ̀kan ní, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a fín sára rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ohun náà, kò sì yẹ kí ó hàn ní gbangba. Èkejì ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà TB, tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí ojú-ewé rẹ̀. A lè fi èkejì yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, a sì lè fi wá ojú-ewé náà, ṣùgbọ́n kò fún ni láṣẹ láti ṣàkọsílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́tò trackable sórí ìkànnì, ẹ fi ìka bo kóòdù náà, tàbí kí ẹ dojú irin náà dé. Mo ti rí fọ́tò tó dára gan-an tí ó tú kóòdù síta fún gbogbo ayé, tí àwọn tí kò kúrò nílé wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé àwọn rí i.

Lẹ́yìn èyí ni irú àkọsílẹ̀ tí ènìyàn fẹ́ ṣe. Bí ẹ bá mú trackable nínú àpótí tí ìkànnì sọ pé ó wà, Retrieve ni ẹ ó tẹ̀. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, tàbí tí ẹ bá a níbi tí ìkànnì kò sọ pé ó wà, Grab ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn rí i, tí ẹ ka kóòdù rẹ̀, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tí ẹ ti bá a, Discover ni, ibi tí ó wà lórí ìkànnì kò sì ní yí padà. Orí ojú-ewé trackable fúnra rẹ̀ ni a ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, lẹ́yìn tí a bá ti tẹ kóòdù rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ní kí a tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí a bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni nǹkan yí padà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tuntun ti ń sọnù. Wọ́n á máa wá Drop kiri lórí ojú-ewé trackable, wọn kò ní rí i, wọ́n á sì pa á tì. Inú àkọsílẹ̀ àpótí ni ó wà. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ pé ẹ rí àpótí, ẹ ó rí àkójọ àwọn trackable tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ó yan èyí tí ẹ fi síbẹ̀ kí ẹ tó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi ti àpótí ránṣẹ́ láìyan nǹkan kan kò tíì pẹ́ jù: ó lè padà lọ kọ Write note (àkọsílẹ̀ lásán tí kì í ka àpótí sí rírí) sí àpótí kan náà, kí ó sì gbé trackable náà kalẹ̀ nínú ìyẹn. Bí a bá lè kọ́ olúkúlùkù ẹni tuntun ní gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí ni mo fẹ́ kí ó jẹ́: inú àkọsílẹ̀ àpótí ni a ti ń gbé trackable kalẹ̀.

Arìnkiri Leeds

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti Kent pé. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni sùúrù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ẹ dé ibi àpótí ní ọ̀sán Sátidé, kí ẹ bá trackable tí ẹnìkan gbé síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni náà kò tíì délé, ìkànnì sì ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣì wà. Bí ẹ bá tẹ Grab lójú ẹsẹ̀, ẹ ti já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí òun náà bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, kò ní rí i mọ́ nínú àkójọ rẹ̀, gbogbo ìrìn tí ó gbé e rìn dé àpótí yẹn yóò sì sọnù lórí àwòrán ilẹ̀.

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ̀wé kúkúrú sí i láti ojú-ewé rẹ̀, bí irú èyí: “Ẹ kú ìrìn o. Mo ti mú trackable tí ẹ gbé sínú àpótí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e kalẹ̀ lórí ìkànnì, kí n lè kọ ọ́ pé ó wà lọ́wọ́ mi.” Bí kò bá dáhùn, ẹ wá tẹ Grab. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kọ Write note sí àpótí tí ẹ ti bá a, ẹ gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tún fi Retrieve mú un. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí ìlà tó wà lórí àwòrán ilẹ̀ bá ọ̀nà tí trackable náà gbà ní tòótọ́ mu.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ̀yin ará ilé, láti Houston ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, inú mi sì dùn pé ẹnìkan dá a sílẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà, tí èmi sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ ìjọ wa nígbà tí mo bá kó wọn jáde: kò sí ẹ̀rọ kankan nínú Travel Bug. Irin pẹlẹbẹ lásán ni, irú èyí tí àwọn sójà máa ń fi sọ́rùn. Láti ọdún 2001 tí a ti ń lò ó, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí ẹnìkan gbé àpótí àkọ́kọ́ pamọ́ sí Oregon ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ohun tí ènìyàn bá kọ nìkan ni ó ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ó wà. Ẹnu máa ń ya àwọn ọmọ náà, nítorí pé wọ́n ti rò pé irin náà ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà pàápàá máa ń rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti la èyí yé ènìyàn, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìdí tí dídákẹ́ rẹ̀ fi ń sọ trackable di ohun tó nù.

Ní ti ọ̀sẹ̀ kan tí àbúrò mi ní Leeds sọ, èmi kò fara mọ́ ọn tán. Fóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣàkọsílẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó kúrò nídìí igi tí àpótí wà. Ẹ wo ojú-ewé ẹni náà. Bí ó bá ti kọ ọ́ pé òun rí àwọn àpótí mìíràn lẹ́yìn èyí tí ẹ ti mú trackable rẹ̀, tí kò sì rántí gbé e kalẹ̀, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó láti dúró. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì kọ nǹkan kan rárá, ó lè jẹ́ pé ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ fún un láyè nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù ni ohun tí a ń kọ. Bí ènìyàn bá ṣí ojú-ewé trackable tí ó ti dé orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí ó sì bá “Mo mú un”, “Mo gbé e kalẹ̀”, àti àmì ìdúpẹ́ lẹ́tà mẹ́rin tí gbogbo wa mọ̀ (TFTC, ìyẹn “Thanks for the cache”), kí ni ọmọ tó ni ín fẹ́ kà níbẹ̀? Ẹ wo èyí ná: “Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni èmi àti àwọn ọmọ mi mú bèbí yìí nínú àpótí kan lẹ́bàá Buffalo Bayou. Ara rẹ̀ gbẹ, irin rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n òrùka tí a fi so ó mọ́ irin ti ń là, mo sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. A ó gbé e lọ sí Atlanta ní oṣù tó ń bọ̀.” Kò gùn. Ó sọ ibi tí a ti mú un, ó sọ bí ara rẹ̀ ti rí, ó sọ ibi tí ó ń lọ. Ẹni tó ni ín mọ̀ pé ohun òun bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bìkítà. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó bá wù yín, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, nítorí pé ará Jámánì tàbí ará Czech lè ni ín.

Visit ńkọ́? Ó wúlò fún ìgbà tí trackable bá ń bá yín kiri láìtíì rí ibi gbé e sí; yóò ka ìrìn náà sí i lára, yóò sì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìkànnì náà ní ètò kan tí ó ń kọ Visit fúnra rẹ̀ sí gbogbo àpótí tí ẹ bá rí. Ẹni tó bá ń rí àpótí púpọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ á fi ìlà òfìfo kún ojú-ewé ẹlòmíràn títí tí àkọsílẹ̀ gidi àti fọ́tò inú rẹ̀ kò fi ní ṣeé rí mọ́. Ẹ lo ètò yẹn fún trackable tiyín tí ẹ so mọ́ báàgì láti fi mọ bí ẹ ti rìn tó. Fún ti ẹlòmíràn, ẹ pa á, kí ẹ sì yan Visit níbi tí ẹ bá ní ohun kan láti sọ nìkan.

Ní ti Discover, àwọn kan máa ń pín àkójọ kóòdù fún ara wọn, tí wọ́n á jókòó sílé máa kọ ọ́ pé àwọn rí ohun tí wọn kò rí. Ẹni tó ni trackable ní ẹ̀tọ́ láti pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́, mo sì rò pé ó yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni èyí tí ó wà lórí Mars, lára ọkọ̀ Perseverance tí NASA fi ránṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2020, tí ó sì balẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ara ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ SHERLOC (ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìwádìí ọkọ̀ náà) wò ni wọ́n fín kóòdù náà sí. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Inú àwòrán tí ọkọ̀ náà ń yà ni a ti ń kà á, àwọn tó gbé e lọ ni wọ́n sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí astronọ́ọ̀tì Rick Mastracchio gbé lọ sí ibùdó òfuurufú ISS ní ọdún 2013 tún bá a padà wá sáyé ní ọdún 2014. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ ayé, ẹ jẹ́ kí a fi ojú rí i kí a tó kọ ọ́.

Ìyá Àpótí (Manchester)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹni mi. Bàbá Ìbejì, mo ti ka àpẹẹrẹ yín sí ọmọ létí, ó sì ní irú ohun tí òun fẹ́ kà nìyẹn. Ìbéèrè mi ni pé: ká ní ẹnìkan gbé irú bèbí yìí dé ilé, báwo ni yóò ṣe kọ ọ́? Àpótí kò pọ̀ ní Nàìjíríà, n kò sì fẹ́ kí ó di pé ẹni tó ṣe oore kò ní rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Aṣèrìnàjò Peckham

Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń gbé trackable lọ sílé nígbà ọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ yẹ àwòrán ilẹ̀ wò fún ìlú tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì ka àkọsílẹ̀ tó gbẹ̀yìn lórí àpótí tí ẹ bá rí níbẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí i, ẹ má ṣe gbé ohun olóhun síbẹ̀. Ẹ gbé e dé ibi tó ń lọ, ẹ ya fọ́tò, ẹ sì kọ Write note sí ojú-ewé trackable náà pẹ̀lú fọ́tò yẹn. Note kò ní fi máìlì kankan kún ìrìn rẹ̀, nítorí pé láti àpótí dé àpótí ni ìkànnì ti ń ka jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí a ya fọ́tò ní Olúmọ kò béèrè máìlì. Fọ́tò ni ó béèrè, ẹ sì ti jíṣẹ́. Bí ẹ bá rí àpótí kan ní Èkó tàbí níbikíbi tí ẹ fọwọ́ sí ìwé inú rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ kọ Visit síbẹ̀, máìlì náà yóò sì wọlé.

Ẹ má ṣe gbé àpótí tuntun pamọ́ sílé kìkì nítorí kí ẹ lè rí ibi gbé trackable sí, kí ẹ sì wá wọ bàálù padà. Òfin eré yìí kò fẹ́ àpótí tí kò sí ẹni tó lè máa bójú tó o nítòsí. Ẹ dá a padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ wá àpótí tó tóbi tó, kí ẹ sì gbé e síbẹ̀. Bí yóò bá pẹ́ lọ́wọ́ yín ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín kí ẹ tó lọ, kí ó má baà máa rò pé ó ti sọnù.

Àwọn àpótí kan tún wà tí kò ní ike tàbí agolo kankan, irú bí EarthCache, tí ó jẹ́ ibi tí a ń lọ láti kọ́ nípa ilẹ̀. Ẹ lè kọ Visit síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ Drop, nítorí pé kò sí inú tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti bá a.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Kent

Gbogbo ohun tí a ti sọ wà fún ẹni tó ń gbé trackable rìn. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó ni ín sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé àwa náà ní iṣẹ́ tiwa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orí ìkànnì nìkan jẹ́ ibi tí a ti lè mọ ohun tí trackable yín ń wá. Inú igbó ni a ti ń mú un, nẹ́tíwọ̀kì lè má sí níbẹ̀. Ẹ tẹ káàdì kékeré kan, ẹ fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà ba á jẹ́, kí ẹ sì so ó mọ́ ọn: “Arìnrìn-àjò ni mí. Ẹ má fi mí ṣe pààrọ̀, ẹ má sì tọ́jú mi pamọ́. Ẹ tẹ kóòdù mi sórí geocaching.com, kí ẹ sì gbé mi lọ sí àpótí mìíràn.” Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò mọ nǹkan kan nípa eré yìí lè ka káàdì yìí kí ó sì ṣe ohun tó tọ́.

Irin méjì tí nọ́ńbà wọn jọ ara ni wọ́n ń tà pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Travel Bug kan. Ẹ fi ọ̀kan sílé. Bí èyí tó ń rìn bá gbó tí kóòdù rẹ̀ parẹ́, ẹni tó bá rí i lè wo àkójọ àwọn trackable tí ìkànnì sọ pé ó wà nínú àpótí náà, kí ó fi fọ́tò dá a mọ̀, kí ó sì kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó wá ka kóòdù fún un láti ara èyí tó wà nílé. Nítorí èyí, ẹ gbé fọ́tò tó mọ́ sí ojú-ewé rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá wa, ní ti bèbí ọmọ yín, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni àpótí ní Peak District kí ó bá yín yẹ inú rẹ̀ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀yin tàbí òun lè fi àmì sí i lórí ìkànnì pé a ń wá a. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé ìyẹn yóò ti ilẹ̀kùn pa: bí ẹnìkan bá rí i ní ọdún mẹ́ta sí i, tí ó sì tẹ kóòdù rẹ̀, yóò tún hàn padà. Ohun tí àmì yẹn ń ṣe ni pé ẹni tó ń bọ̀ kò ní gun òkè lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò sí. Ẹ tún kọ̀wé sí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àpótí náà lẹ́yìn ìgbà tí a rí bèbí kẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ sọ pé ọmọ kékeré ni ó ni ín, kí ẹ sì ṣàlàyé bí a ti ń gbé e kalẹ̀ lórí ìkànnì, nítorí pé ó lè jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan ni ó wà tí ojú ń ti ẹni náà láti béèrè.

Arìnkiri Leeds

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan yẹn, bí ẹni náà bá ti ń kọ àwọn àpótí mìíràn.

Ohun kan kù, ìyẹn ni déètì. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó ṣàkọsílẹ̀, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sí déètì ọjọ́ tí ẹ ń kọ ọ́. Ẹ yí i padà sí ọjọ́ tí ẹ mú trackable náà tàbí tí ẹ gbé e kalẹ̀ gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkọsílẹ̀ yín yóò bọ́ sẹ́yìn ti ẹni tó gbà á lẹ́yìn yín, ìlà orí àwòrán ilẹ̀ yóò sì máa fò láti Leeds sí Cornwall kí ó tún padà sí Leeds, máìlì tí kò rìn yóò sì kún orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí lórí trackable tiyín, ẹ kọ̀wé sí ẹni náà kí ó tún déètì rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ tún jíjìn rẹ̀ kà. Ẹni tó ni trackable nìkan ni ó ń rí ibẹ̀.